Bàbá Tún Ń Yan Orin Fúnra Wọn

Kabba, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ẹsẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ orin kékeré Bàbá ti bàjẹ́ ni ilé wọn ní Ògìdì ti dákẹ́ rọ́rọ́. Fóònù ńlá tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún wọn kún fún orin lóòótọ́, àmọ́ Bàbá kò ríran mọ́, ojú fóònù sì tẹ́jú bí dígí. Wọ́n ní láti bẹ èèyàn kí wọ́n tó gbọ́ orin. Ìyẹn ló ń dùn wọ́n.

Mo yí ọjà ká láàárọ̀, mo ń wá ẹ̀rọ orin mìíràn tó ní bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe bi mí pé, "Màmá, ta ló tún ń ra ìyẹn? Orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń gbọ́ orin báyìí."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá fún un. Ó tú àpò àlòkù rẹ̀, ó sì fa ọ̀kan jáde tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ó kó orin ẹ̀mí àti orin àtijọ́ sí i.

"Okun, Bàbá," ni mo fi kí wọn nígbà tí mo dé Ògìdì, mo sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ wá bọ́tìnnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ bá wọn wá èyí tí wọ́n fẹ́ràn.

"Fi í lẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti mọ̀ ọ́n."

Orin tó dùn mọ́ mi jù ni wọ́n fi bọ́tìnnì gbé kọjá láàárín. Wọ́n tún gbé òmíràn kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé orin náà kò dáa. Ó kàn wù wọ́n bẹ́ẹ̀ ni.