Ọfà Pupa Tí Ẹ Fi Sí Ọ̀fun Ọmọ

Ilé Sarkin Aska,
Lẹ́yìn Kànga Àtijọ́,
Unguwar Dabinai, Kano.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìlanilọ́yẹ̀ lórí Ìlera,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Dabinai,
Kano.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ KÁ PÓSÍTÀ ÀRÙN Ọ̀FUN KÚRÒ LÁRA ÒGIRI WA

1. Èmi ni olórí àwọn onígbàjámọ̀ mẹ́tàlélógún tó wà ní àdúgbò yìí. Lẹ́tà kẹta tí mo kọ sí yín láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Etí ikún lẹ kọ sí méjì àkọ́kọ́. Akọ̀wé yín sọ ọ́ lójú mi pé ìgbìmọ̀ kì í bá àwọn tó ń fi abẹ ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà jókòó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé ọmọ wá.

2. Ní oṣù Karùn-ún, ẹ lẹ pósítà káàkiri nítorí dìfitéríà, àrùn ọ̀fun tí àwa ń pè ní maṣákò. Ẹnu ọmọdé tó là gbàgà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọfà pupa kan. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí belubelu, ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, ni ẹnu ọfà náà bọ́ sí.

3. Ọmọ Kano ni yín. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ la máa ń gé belubelu ọmọ. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn nọ́ọ̀sì yín ti ń bá àwọn ìyá wí lórí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ti jáwọ́. Kí lẹ rò pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn máa sọ nígbà tí wọ́n rí ọfà yín? Wọ́n ní ìjọba ti yí ọkàn padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sí ìsọ̀ mi.

4. Ọkọ̀ agbóhùnsókè yín kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́sàn-án Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹlẹ́hàá làwọn ìyàwó wa, wọn ò lè jáde wá béèrè ọ̀rọ̀. "Ọ̀fun, ọ̀fun" ni wọ́n gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri.

5. Inna Gambo, àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, ló gbé Furaira wá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ti ya pósítà náà kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ara ọmọ náà ń jó, ọrùn rẹ̀ wú, awọ kan tó rí bí eérú lẹ̀ mọ́ ọ̀fun rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní ká ṣì dúró ná. Inna ní, "Malam Tanimu, ibi tí ìjọba fi ọfà sí rèé. Àbí ẹ̀yin lẹ wá mọ̀ ju ìjọba lọ?" Mo gé e. Ọwọ́ mi ló gé e, n kò ní purọ́ fún yín. Ní ọjọ́ kẹta, a sin ín.

6. Nígbà tí àìsàn náà mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ kìíní, ó sì yè. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ pè mí jókòó. Ó ní kòkòrò àrùn ló ń fa awọ yẹn, belubelu kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, àti pé ẹni tó bá ti mú kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú ń bí mi, ẹ̀yin Ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kí Furaira tó dé.

7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká pósítà náà, kí ẹ tẹ òmíràn ní èdè Hausa. Ẹ rán àwọn obìnrin elétò ìlera wọ inú ilé lọ bá àwọn ìyá. Ẹ sì fún àwa onígbàjámọ̀ ní òwúrọ̀ kan péré. Èmi fúnra mi ni màá kó wọn jọ, màá sì tẹ́ ẹní.

8. Mo ti kó abẹ ọ̀fun mi sínú àpò. Láàárọ̀ yìí, ìyá àgbà mẹ́ta gbé ọmọ wá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀kan lọ. Àwọn méjì yòókù ní ogbó ti ń dà mí láàmú, wọ́n sì gba ìsọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn lọ. Mo kọ orúkọ ọmọ méjèèjì àti ilé wọn sẹ́yìn ìwé yìí. Bó bá jẹ́ òní lẹ kà á, ẹ rán ènìyàn sí wọn lónìí.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín,
Malam Tanimu Habu,
Sarkin Aska, olórí àwọn onígbàjámọ̀ Unguwar Dabinai.