Ìfun Ni, Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àìrí wa, ẹ kú àdúrà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kí yín kí n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ágbowó níhìn-ín. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá wa. Mo kí ìyàwó Káyọ̀dé àtàwọn ọmọ. Mo kí Tósìn, àbíkẹ́yìn yín. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí sí yín. Káyọ̀dé àbúrò mi mọ̀ sí i. Òun gan-an ló ní kí n kọ ọ́, kí n má sì fi orúkọ òun pamọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá fún títẹ̀, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kò sinmi. Òjò ti dáwọ́ dúró n'Íbàdàn, eruku ọyẹ́ ti ń bà lé gbogbo nǹkan. Ara mi le. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń rí mi lára, Màámi, tí mi ò lè gbé mì mọ́.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí dókítà bá wa sọ lẹ́yìn tí Bàbá kú. Ó ní jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá ló pa wọ́n. Ó ní kí àwa ọmọ wọn lọ yẹ ìfun wa wò, kódà bí nǹkan kan kò bá ṣe wá, torí pé àrùn náà a máa tọ ìdílé. Bí a ṣe jáde níbẹ̀, Bàbá Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, pé jẹ̀díjẹ̀dí ló pa àbúrò àwọn, pé ta ni kò ní jẹ̀díjẹ̀dí. Bó ṣe di jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ dókítà náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tó yá, mo lọ sí ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn. Wọ́n fún mi ní ìgò kékeré kan pé kí n bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi sí i, kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ní Ring Road. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí bíbò ni a bò ó mọ́ra tó fi pa Bàbá. Mo fi ọ̀rá dúdú wé ìgò náà, mo wọ takisí, ó sì dà bíi pé gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkùnrin tó jókòó síbi ìgbàlejò tú ọ̀rá, ó gbé ìgò sókè, ó sì fi ohùn òkè béèrè pé ta ló ni ìgbẹ́ yìí. Àwọn tó wà níjókòó bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan fi ìborùn bo imú, bẹ́ẹ̀ ìgò náà dé pinpin. Mo ní èmi ni mo ni ín. Mo dúró tì í títí ó fi kọ orúkọ mi sára rẹ̀. Ìgbẹ́ mi kò rí mi lára tó ọkùnrin yẹn.

Èsì jáde pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ó wá di dandan kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun mi. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, ojú ihò ìdí ni wọ́n ń tì í gbà wọlé. Wọ́n ní kí n mú ẹbí mi kan dání, torí abẹ́rẹ́ oorun tí wọ́n máa gún mi. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìlú onílùú ni mo wà. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ábùjá, wọn ò fún un láàyè. Mo pè yín, Màámi, ẹ ní kí n fi ara mi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Mo pe Káyọ̀dé, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n bá òun kí kámẹ́rà. Àlàájà tí a jọ ń gbélé l'Ákóbọ̀, tí wọ́n ń ta bàtà ọmọdé, ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa tí wọ́n tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mi ò jẹun. Omi oògùn kan ni mo ń mu. Ó níyọ̀, ó tún ní adùn ọsàn kan tó burú ju iyọ̀ náà lọ, ó ń yọ̀ lọ́fun bí ẹyin tí a kò sè. Bí mo bá ti gbé ife sókè, mo máa ń di imú kí n tó gbé e mì. Inú mi tú títí ó fi jẹ́ pé omi lásán ló ń jáde. Iná kò sí, ẹ̀rọ omi kò ṣiṣẹ́. Àlàájà ló ń fa omi kànga tí mo fi ń ṣan ilé ìgbẹ́. Ojú tì mí, mo ní kí wọ́n má bínú sí òórùn náà. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ta sánsán.

Àyẹ̀wò gan-an kò tó ohun tí mo ń bẹ̀rù. Mo sùn, mo jí, ó ti parí. Dókítà, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ní òun rí kókó kéékèèké méjì lára ìfun mi, òun sì ti gé wọn kúrò. Ó ní wọn ò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ irú wọn ló máa ń dà á bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bi í bóyá irú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wà lára Bàbá. Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo sunkún débi pé Àlàájà rò pé ìròyìn burúkú ni wọ́n fún mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, mo ń lọ ra bébà ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin kan dìde nínú ọkọ̀, ó ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ní ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kó má wulẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ìgò kan á fọ ìdí rẹ̀ mọ́. Ó ṣí ọ̀kan, òórùn ògógóró inú rẹ̀ dé imú mi, òórùn tó máa ń wà lẹ́nu Bàbá nígbà tí wọ́n ń rù lọ. Èébì gbé mi. Mo sọ fún un pé irú rẹ̀ ni bàbá mi ń mu títí wọ́n fi kú. Ó ní kí n má ba ọjà òun jẹ́. Àwọn èrò ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n sì rà á níṣojú mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, mo pe Káyọ̀dé. Mo bi í bóyá òun náà ń rí ẹ̀jẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀, pé òun rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó wá bá mi n'Íbàdàn, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Tirẹ̀ ti kọjá kókó, Màámi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò lára ìfun, wọ́n so ìyókù pọ̀. Wọ́n ní kò tíì ràn dé ibòmíràn. Ó ti ń rìn yípo ọgbà báyìí, ó ń mu ògì, ó ń bá Àlàájà jiyàn bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin lẹ ní kí a sọ fún ará ilé pé iṣẹ́ abẹ họ́níà, ìyẹn ìpá, ni wọ́n ṣe fún un. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ní àrùn burúkú wà nídìílé wa, kó má di pé Tósìn kò rí ọkọ fẹ́. A gbà sí yín lẹ́nu. Irọ́ náà ń rùn lẹ́nu mi, àmọ́ mo pa á.

Ní Sátidé kan, ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé kan nílé níbẹ̀, tí mi ò ní dárúkọ, pè láti kí i kú ewu họ́níà. Ó ní orí bá Káyọ̀dé ṣe é, pé ní ti òun, jẹ̀díjẹ̀dí ni kò jẹ́ kí òun gbádùn, láti ìgbà òjò ni òun ti ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó béèrè bóyá a lè bá òun ra agbo tó le ju tilé lọ n'Íbàdàn. Káyọ̀dé gbé fóònù kúrò létí, ó wò mí. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó tọ́ nǹkan kíkan wò. Lẹ́yìn náà ó sọ òótọ́ fún un, látorí ẹ̀jẹ̀ dórí iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé bí àwọn ṣe ń ṣọ̀rẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ó wọkọ̀ wá. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, a ń retí èsì.

Bí kò bá pè ńkọ́, Màámi? À bá jókòó síhìn-ín pẹ̀lú họ́níà wa, kí òun máa mu agbo lọ. Ìgbẹ́ kọ́ ló ń rí mi lára, kì í sì í ṣe kámẹ́rà. Pé ó tẹ́ wa lọ́rùn kí ènìyàn kú, dípò kí a dárúkọ ibi tó ń dùn ún, ìyẹn ló ń rí mi lára.

Tósìn ló kù. Ẹ jẹ́ kó wá. Ọkọ tó bá máa sá torí pé ó yẹ ara rẹ̀ wò, kó tètè sá. Èmi ni n óò tẹ̀ lé e, èmi ni n óò jókòó síta dè é. Bàbá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ tobìnrintobìnrin, ẹ má ṣe kà á sí àfojúdi: inú ọmọ ìyá yín ni àrùn yẹn ti jáde. Ẹ bá Tósìn wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò. Yàrá wà, omi gbígbóná wà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi yín ṣẹ̀sín nílé mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Màámi. Ẹ ò ní fọwọ́ yín sin ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìjọ, ẹ kí gbogbo àdúgbò, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé ka lẹ́tà yìí sí wọn létí láìfo ibì kankan. Káyọ̀dé ti kà á tán. Ó ní òun kò ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé.