Bàálù Kan Ṣoṣo Tí Kò Bà Sínú Oko Ìrẹsì

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Acacia,
Barangay Daro,
Dumaguete.
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Olùdarí,
Ẹgbẹ́ Awabàálù Orí Kọ̀ǹpútà ti Visayas,
Òpópónà Mabini,
Cebu.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ BÍ A ṢE DÁ MI DÚRÓ NÍTORÍ ÀKÓJỌ Ọ̀NÀ ÒFUURUFÚ TÍ MO YÀN

1. Èmi Anacleto Pabuaya, ọmọ ẹgbẹ́ yín láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé yìí. Mo ti kọ méjì ṣáájú rẹ̀, n kò rí èsì kankan. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

2. Ní oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo wa máa san owó oṣooṣù fún àkójọ ọ̀nà òfuurufú tuntun, èyí tí àwọn tó ń tà á máa ń tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Àkójọ yìí là ń kó sínú àpótí atọ́nà bàálù wa, òun ló sì ń sọ fún bàálù ibi tí ọ̀nà ìbalẹ̀ wà. Mo dìde nípàdé ọjọ́ náà, mo ní kí a rọra ṣe. Mo ṣàlàyé pé ilẹ̀ tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà wa, ilẹ̀ àtijọ́ ni, owó tuntun tí a bá san fún àpótí kò ní tún ilẹ̀ náà ṣe. Mo ní àkójọ àtijọ́ kan wà tó bá ilẹ̀ wa mu, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, àti pé òun ni èmi yóò yàn. Ọ̀gbẹ́ni Dante Lumapas tó jẹ́ ọ̀gá àwọn awabàálù wa kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Cleto, ẹ ṣáà sọ pé ahun ni yín, ká lọ sùn!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó.

3. Lọ́jọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn Máàsì, kálukú jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo wa gbéra láti Cebu, a forí lé erékùṣù Santa Brigida. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ará Santa Brigida ti ti ọ̀nà ìbalẹ̀ wọn àtijọ́ pa, wọ́n ti la tuntun gba àárín oko ìrẹsì kọjá. Lójú ayé nìyẹn o. Nínú kọ̀ǹpútà wa, ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ibi tí wọ́n la tuntun sí, ìrẹsì ṣì ni. Mo rí i pé bàálù Ọ̀gbẹ́ni Lumapas ti ń yà síbẹ̀. Mo pè é, mo ní, "Dante, oko lò ń lọ yẹn." Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ran! Àpótí kì í purọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ tẹ̀lé mi!" Wọ́n tẹ̀lé e lóòótọ́. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni "Yéè!" Bàálù ń dojú dé lọ́tùn-ún lósì, òmíràn sì wọ inú adágún omi lọ pátápátá. Arábìnrin Jocelle Amparo, tí òun náà ti rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ló béèrè pé, "Ọ̀gá Dante, ṣé ká mú dòjé dání bọ̀ ni?"

4. Bàálù kan ṣoṣo ló bà sórí ilẹ̀ gidi lọ́jọ́ náà, tiwa ni. Mo ní tiwa nítorí pé èmi àti àbúrò mi Nonito, tó ń gbé ní Davao, la jọ ń wa bàálù kan náà. Èmi wà níjòókòó òsì, òun wà lọ́tùn-ún, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé irú èyí kò lè ṣeé ṣe àfi tí àkójọ kan náà bá wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ra àtijọ́ tí mo rà. Bí táyà ṣe kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń rí nǹkan tí mò ń rí?" Mo ní mò ń rí i. Ó ní, "Wọ́n ti di pẹ́pẹ́yẹ!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín.

5. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìwé Ọ̀gbẹ́ni Lumapas ti dé. Ó ní mo bà sórí ọ̀nà tí ìjọba ti tì pa, ó ní mo fi àkójọ tó ti gbó dójú ti ẹgbẹ́, ó wá dá mi dúró títí di ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn tó wà nínú ẹrọ̀fọ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra.

6. Ohun tí n kò kọ sínú ìwé méjì àkọ́kọ́ rèé, nítorí ojú ń tì mí. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni èmi àti Nonito kò ti bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí a ó sin ìyá sí ló dìjà. Ẹ̀yin lẹ pín wa sínú bàálù kan náà, ẹ rò pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó rẹ́ ni wá. Kò sẹ́ni tó kọ̀ nínú wa. Láti ọjọ́ náà, èmi á ní, "Ẹsẹ̀ bàálù ńkọ́?" òun á ní, "Ó ti wà nílẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi ọjọ́ ìrẹsì yẹn. Tí a bá ti balẹ̀, a kì í pa gbohùngbohùn. Èmi á jókòó ti budbud tèmi, ìrẹsì tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, òun á máa mu ṣokoléètì gbígbóná tirẹ̀, n ó máa gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àwa méjèèjì kò kúkú máa fò láìsí ẹgbẹ́. Àwọn tó ń bára wọn yodì kì í ránṣẹ́ pe ara wọn, ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹgbẹ́ ló ń pè wá.

7. Lánàá, Nonito tẹ̀ mí láago. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Lumapas sọ pé kí òun ra àkójọ tuntun, kí òun sì lọ jókòó ti ẹlòmíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?" Mo ní kó ra tuntun, pé èmi náà yóò rà á. Ó ní, "Inú ìrẹsì la ó máa bà sí nìyẹn o." Mo ní, "A ó jọ máa bà síbẹ̀ ni." Mo gbọ́ tó fẹ́ atẹ́gùn sí ṣokoléètì rẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

8. Nítorí náà, n kò bẹ̀ yín mọ́ pé kí ẹ dá mi láre. Mo ti ra àkójọ tuntun náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀bẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Lumapas ń fẹ́, mo ti kọ ọ́, ó wà nínú àpòòwé yìí, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo jàre, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni èmi àti àre sì ti jọ jókòó nínú ilé. Àre kò bá mi sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ dá mi padà síjòókòó òsì kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó pé.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni, ẹni tí ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,

Anacleto Pabuaya,
Awabàálù tí a dá dúró.