Ẹyin Tí Ìyá Rẹ Fagi Lé

Adédiwúrà ọmọ mi, ìyá Ọlámidé,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní nílé ìwé àgbà, tí kò tíì mọ ibi tí gbólóhùn ti ń parí, kò yẹ kó gbé bírò sí ọmọ tó kàwé dé yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fojú fò ó, má ṣe fi yíǹkì pupa sí i, Mìsì Súmbọ̀ tó ń kọ́ wa ń ṣe ìyẹn fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì tó mi.

Ṣé ara rẹ ti ń le? Ṣé ọmú ń wá dáadáa? Olújìmí ọkọ rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó bá ọ sọ ẹrù kalẹ̀ kò ní gbé ẹrù mìíràn kà ọ́ lórí. Àwa náà wà ní Kétu níbí, òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò wọ yàrá, iná ọba wá ní ọjọ́ Sátidé ó sì pẹ́ díẹ̀. Ajarat tó ń gbé yàrá tó kàn mí kí ọ, òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá, nítorí inú ẹ̀sítéètì yín ní Magodo ló ti ń tọ́jú ilé fún àwọn kan. Èmi ì bá wá fúnra mi, ṣùgbọ́n o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Máígádì ẹnu géètì béèrè kóòdù lọ́wọ́ mi, mo ní méjìdínlógún, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè mí ní kíláàsì nìyẹn. Ó ní kì í ṣe òun. Mo wá sọ iye ọdún mi fún un. Ó ní Bàbá, ẹ jókòó ná. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí Olújìmí fi wá mú mi bí ẹni wá gba ẹrù tó sọ nù, wọ́n sì ti fi oyin kan ọmọ lẹ́nu kí n tó dé.

N kò lè bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, nítorí ìgbàkígbà tí mo bá pè, ọmú lo ń fún ọmọ, wàá jẹ́ kí fóònù máa pariwo ohùn mi ká gbogbo yàrá, ìyá rẹ á sì ti dáhùn kí ìwọ tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ dé etí ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ àgbébọ̀ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí o bímọ ni ìyá rẹ to ẹyin mẹ́sàn-án sábẹ́ àgbébọ̀ dúdú rẹ̀ kó lè sàba lé wọn. Inú dúrọ́à kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún ọ nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdírì ló tẹ́ koríko sí, ó gbé e sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi lẹ́yìn ilé. O mọ̀ pé adìẹ yẹn kì í ṣe adìẹ lásán lójú rẹ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló so ìyá ńlá adìẹ náà lẹ́sẹ̀ fún un nígbà tí a ń ti Ṣakí bọ̀, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù nínú ìran náà lẹ́yìn tí àrùn ṣe àwọn yòókù lọ́dún tó kọjá. Ó ní ọmọ àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ti Ọlámidé ni.

Ṣùgbọ́n Ajarat náà ní adìẹ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé, tí kò mọ ilé ara rẹ̀. Bí àgbébọ̀ bá dìde lọ jẹun, òun á kó sínú dúrọ́à náà lọ yé ẹyin tirẹ̀ sáàárín ti ìyá rẹ. Ìyá rẹ mọ̀. Lọ́jọ́ tí Olújìmí wá gbé e lọ tọ́jú ìwọ àti ọmọ, lẹ́yìn tó ti kó àgbo àti ọṣẹ dúdú sínú báàgì tán, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti sọ fún mi pé kí n máa wo àmì o, pé èyí tí kò bá yẹ níbẹ̀, kí n kó o fún Ajarat. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò kàn béèrè ohun tí àmì náà ń wí ni.

Ìyá rẹ kò lọ ilé ìwé. Èédú ló fi fa igi méjì tó gba orí ara wọn kọjá sára ẹyin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Èmi tí mo ti lọ ilé ìwé fún oṣù méje gbáko, níbo ni mo ti ń rí igi méjì bẹ́ẹ̀? Inú ìwé mi ni. Ohun tí Mìsì Súmbọ̀ bá fagi lé, kò dára nìyẹn. Nínú àpèkọ ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́jọ ló fagi lé nínú mẹ́wàá, ó ní mo kọ adìẹ láìfi àmì sí i lórí àti nísàlẹ̀, pé adìẹ tí kò bá ní àmì kò tíì di adìẹ. Nínú iṣẹ́ káfíńtà tí mo fi tọ́ ọ pàápàá, pákó tí a bá fagi lé, ìdí ààrò ló ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo yọjú wo abẹ́ àgbébọ̀ ní ọjọ́ kejìlá, tí mo rí ẹyin mẹ́tàlá, mẹ́sàn-án tí wọ́n fagi lé àti mẹ́rin tó mọ́ tónítóní, mo sọ fún ara mi pé ìyá rẹ gbọ́n, ó ti yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ti fagi lé àwọn tí kò dára. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo lè kà á. Mo kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú abọ́, mo fi mẹ́rin tó mọ́ sílẹ̀ fún àgbébọ̀, mo sì gbé abọ́ náà sẹ́nu ọ̀nà Ajarat pé ẹyin rẹ̀ nìyí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni.

Wọ́n ti kírun àílà tán kó tó dé láti ọjà Mile 12. Mo gbọ́ tó ń kọrin nídìí sítóòfù, mo gbọ́ tó fọ́ ẹyin kan sínú abọ́, mo sì gbọ́ tí orin náà dákẹ́. Ó gbé abọ́ náà wá bá mi. Ojú wà nínú rẹ̀, Adédiwúrà. Ojú dúdú méjì, àti iṣan tín-ín-rín bí òwú pupa, àti nǹkan kékeré kan láàárín tó ń mì, tó wá dúró lójú àwa méjèèjì. Ajarat ní Bàbá, ta ló ní kí ẹ kó èyí tí Ìyá sàmì sí? Mo ní wọ́n ti fagi lé e ni. Ó ní fagi lé báwo, ó ní àmì pé tiwọn ni nìyẹn, àmì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé nìyí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń nu ojú.

Mo kó mẹ́jọ tó kù sínú ẹ̀wù mi, mo gbá wọn mọ́ àyà kí ara mi lè ràn wọ́n, wọ́n ti tutù. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, àgbébọ̀ ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, orí tábìlì iṣẹ́ mi ló dúró sí tó ń wò mí. Mo kó mẹ́rin tó mọ́ kúrò fún Ajarat, mo sì to mẹ́jọ náà padà. Ó sọ mí lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Ó tó wákàtí kan kó tó jókòó lé wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Ajarat fi iná fóònù rẹ̀ yẹ ẹyin wọ̀nyí wò ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn. Mo kọ́kọ́ kọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí fóònù kan bá ti rí, gbogbo fóònù ló rí i, kò sì ní pẹ́ tó máa dé ti ìyá rẹ. Ó ní Bàbá, iná lásán ni. Mo ní kó kúkú kọ ojú fóònù náà sí ògiri. Ó ní òun rí iṣan tó ń mì nínú mẹ́rin. Nípa mẹ́rin yòókù, ó ní òun kò lè fi ẹnu òun sọ.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni ìyá rẹ ń pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú ẹni hàn, ó ní kí n gbé e sún mọ́ adìẹ òun. Mo ń gbé e sún mọ́ ọn, mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lánàá ó ní kí ló dé tí adìẹ òun kò kọjú sí òun. Mo ní ó ń tijú. Ó ní adìẹ òun kì í tijú, pé èmi ni mo ń tijú. Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi kò ní ìyẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí kò gbọdọ̀ gbọ́. Fọ́ọ̀mù ìdánwò wa béèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ. Mo rò ó dáadáa, ìyá rẹ wà ní Magodo, ìwọ wà ní Magodo, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Ajarat, mo bá kọ Ajarat. Mìsì Súmbọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé yìí, ìyá rẹ ní kí ni àgbà fẹ́ fi A B D ṣe. Níkẹyìn òun náà ló ra ìwé fún mi, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ìwé bá ba nǹkan òun jẹ́, ọjọ́ náà ni mo kúrò níbẹ̀. Bí ẹyin wọ̀nyí kò bá pa, ìran adìẹ tí ìyá rẹ̀ fún un ti parí, ilé ìwé mi ti parí, n kò sì mọ ojú tí n ó fi wò ó. Òní ló pé ogún ọjọ́. Ọ̀la ló yẹ kí wọ́n jáde. Àárọ̀ yìí ló sọ fún mi pé lọ́la náà ni Olújìmí máa gbé òun wá wo àwọn ọmọ òun, tí òun á sì padà sọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́. Ìdí tí mo fi kọ̀wé gan-an nìyẹn. Mo bẹ̀ ọ́, dá a dúró fún ọjọ́ méjì. N kò ní kí o purọ́. Ṣáà sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ láti dá wẹ ọmọ.

Bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Ajarat, kí n lè ra àgbàdo lílọ̀ àti àwọ̀n tí n ó fi bo àwọn òròmọdìẹ nítorí ológbò, bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí a rí wọn. Má fi í sí báńkì. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ká má sọ nọ́ńbà àṣírí wa fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ báńkì sì béèrè tèmi lójú gbogbo èèyàn, n kò sọ fún un, ló bá gbé káàdì mi mì.

Ajarat ti wọ bàtà, ó ní kí n ṣe kíá. Jẹ́ kí n lọ wo adìẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó pa ìwé yìí dé.

Mo ti dé. Mo ń kánjú, fojú fo ìkọ̀wé mi. Nígbà tí mo tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kò sọ mí. Ó ń kùn nínú ọ̀fun, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo mú ẹyin kan, mo gbé e sétí, nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀ bí ìdè ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Mo yí i padà. Ihò kan ti wà lára rẹ̀, kò ju orí ìṣó kékeré lọ, ibi tí igi méjèèjì ti pàdé gan-an ló ti lu. Mo gbé méje yòókù sétí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ń dún. Mẹ́rin kò tíì dún.

Nítorí náà, èyí tí mo sọ lókè pé kí o dá a dúró, má ṣe é mọ́, n kò ní àyè láti tún ìwé mìíràn kọ. Jẹ́ kó wá. Ó máa kà wọ́n, ó sì máa ní mẹ́sàn-án ni òun tò síbẹ̀. Ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ti ìkẹsàn-án fún un. Bó bá ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀, n ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n bá mi gbàdúrà kó má sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹ́ tí ìyá rẹ fi bò ọ́ ni ìwọ náà yóò fi bo Ọlámidé. Àṣá kò ní mọ ojúlé yín. Ohun tí o bá sàba lé kò ní tutù mọ́ ọ lábẹ́.

Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ìyá rẹ rí ìwé yìí kí n tó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Mo mọ̀ pé kò lè kà á. Àmì kan ṣoṣo ló mọ̀, o ó sì rí i pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ n kò fa igi méjì yẹn síbì kankan, àní ibi tí mo ti ṣìwé kọ, itọ́ ni mo fi pa á rẹ́. Bó bá rí ẹyọ kan péré, ó ti ka gbogbo lẹ́tà náà tán nìyẹn. Fi í sábẹ́ ibùsùn ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Àkànní.