Ọdún Kẹta Láìsí Ẹ̀bìrìpò Nílé Wa

Wọ́n ní Màmá ló sọ ọ́ kó tó... wọ́n ní ó tiẹ̀ fi ègún... ẹ má ṣá ní èmi ni mo wí i o... pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ se ẹ̀bìrìpò mọ́ nílé òun, pé ẹni tó bá dán an wò...

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nínú ilé yín n'Ígàndò rèé, Màmá Àgbà, láti ọdún mẹ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ẹnu Àǹtí Abigail, ìyàwó Bùrọ̀dá Báyọ̀dé ọmọ yín, ló ti jáde. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé Ìkòtún, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Rẹ́mọ. Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n ní àgbà aláṣọ funfun kì í sọ̀rọ̀ lásán.

Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta tí a ò rin kókò, tí a ò fi ewé dì í sè ní ẹ̀bìrìpò, nínú ilé tó jẹ́ pé òórùn ewé gbígbóná ló ń jí wa ní Sátidé!

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Bùrọ̀dá ti parí òkè ilé. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ẹ̀yìn kíṣìnnì, níbi tí ẹ gbin ewé eéran sí, wọ́n ti da sìmẹ́ńtì bò ó. Mọ́tò ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Páànù tí ẹ fi ìṣó dá lu, tí ẹ fi ń rin kókò, wọ́n ti kó o fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Esther kékeré, ọmọ Bùrọ̀dá, tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọmú ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀bìrìpò, ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ ni? Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Èmi wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn.

Màmá Àgbà, mo bínú sí yín. Ẹ̀yin ni mo bínú sí! Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi jókòó sórí àpótí ìdáná, tí ẹ kọ́ mi ní a, b, d, tí ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń ra ewé lórí iná kó má baà ya. Èmi Bólúwadúró tí ẹ tọ́ dàgbà, tí mi ò lọ sílé ìwé, iwájú ààrò yín ni kíláàsì mi. Ẹ ní kí n fi epo pa ọwọ́ kí kókò má baà yún mi. Ẹ ní ìdì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, ti aládùúgbò ni, kí ó jáde kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó tọ́ ọ wò. Ẹ kọ́ mi tán, ẹ wá ní kí ẹnikẹ́ni má sè é mọ́? Kí ni mo ṣe fún yín? Ó dùn mí ju ikú yín lọ! Mi ò sì lè bi ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Sátidé tó kọjá la ṣe àdúrà ìrántí yín. Ìrẹsì inú ike ni wọ́n pín. Ìyá Fàthíà, aládùúgbò yín tó jókòó tì yín ní ọsibítù, tó kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ n'Ílọrin kí a tó sin yín, òun náà wá. Ó ṣí ike, ó wo inú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀bìrìpò Màmá dà?”

Àǹtí Abigail ní, “Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀. Màmá ní ká má sè é mọ́.”

“Ìwọ Abigail! Ṣé ìdajì ọ̀rọ̀ lo gbọ́ ni, àbí ìdajì ló wù ọ́?”

“Ẹ jàre, Ìyá Fàthíà. Ta ló ráyè ewé ní Èkó yìí?”

Bùrọ̀dá gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún jẹun mọ́.

Màmá Àgbà, àárò yín ń sọ mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá yín bínú lórí ohun tí ẹ ò ṣe. Mo fẹ́ràn yín nígbà yẹn, mo fẹ́ràn yín títí di òní. Ojú gbogbo wa ni Ìyá Fàthíà ti wí i, bí ẹ ṣe sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an, kò yọ kúrò, kò fi kún un:

“Abigail, mo mọ̀ pé o ò ní fọ ewé, ọ̀rá lo máa fi dì í. Tó bá jẹ́ ti ọ̀rá ni, ẹ má sè é mọ́ nílé mi. Ṣùgbọ́n Bólú mọ̀ ọ́n. Sọ fún un pé mo ní kó má tijú, kó máa sè é. Òun ni mo fi ìkòkò mi lé lọ́wọ́.”