Bàbá Kàmál Wá Wo Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ilé Àlejò Àwọn Obìnrin,
Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Adéjìmí,
Akoka, Bàrígà,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2001.

Folúkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Iṣẹ́ mọnógíráàmù, fífi ẹ̀rọ rán ọnà sára aṣọ, tí mo wá fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ ní Ṣómólú náà ń mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ti di igba náírà. Ìjọba alágbádá dé, àwọn onímọ́tò ò gbọ́.

Ibi tí mo ń sùn ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀dì lèèyàn ń sanwó fún níbẹ̀, kì í ṣe yàrá. Ọgọ́fà náírà ni alẹ́ kan, alẹ́ márùn-ún jẹ́ ẹgbẹ̀ta. Òtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ kéré jù tí mo béèrè ní Bàrígà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà ni wọ́n pè é lálẹ́ kan! Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ni tiwa, ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀, àwa mẹ́jọ nínú yàrá kan. Hameedat tó wà lókè mi wá ṣe ìdánwò láti Ìlọrin. Olùkọ́ kan láti Àkúrẹ́ sì wà tó kàn wá wo Èkó. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní ọ̀sà. Mo ní ṣé ó fẹ́ ra ẹja ni. Ó ní rárá, òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu.

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìgì mi wà lára ohun tó gbé mi wá. Bàbá mi ti lọ, àbúrò wọn, Bàbá Kàmál, ló kù tó lè ṣe walíyì mi, ẹni tó máa fà mí fọ́kọ. Yàrá kan ni wọ́n ní ní Fọlá Àgoro, èèyàn méje ló ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé fóòmù wọn fún mi, àwọn fúnra wọn sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn jẹ wọ́n mọ́jú. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n béèrè ẹrù mi. Mo sọ òtítọ́. Háà! "Ṣé mo ti kú ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fowó ra oorun ní Èkó tí mo wà! Ẹni tó gbowó oorun lọ́wọ́ ẹ, òun náà ni kó lọ ṣe walíyì ẹ!" Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyàwó wọn ló gbà mí sílẹ̀: "Bàbá Kàmál, ẹ ò tíì débẹ̀, ẹ ti ń jágbe. Ẹ lọ wò ó ná."

Lánàá ni wọ́n dé, wọ́n dé fìlà bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Ọkùnrin kì í wọ yàrá wa, ṣùgbọ́n alábòójútó ilé, Màmá Oyèbísí, gbà kí wọ́n wọlé torí pé ọ̀sán ni. Bàbá béèrè ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n mi irin bẹ́ẹ̀dì wò. Wọ́n gbóòórùn ìrọ̀rí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ àgbà ló wà nísàlẹ̀ ńkọ́, ṣé ọmọdé á máa sùn lé e lórí ni? Màmá Oyèbísí ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀dì ò mọ àgbà." Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí àwọn jókòó wò ó. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní kí àwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń hanrun.

Wákàtí méjì, Folúkẹ́! Hameedat àti olùkọ́ Àkúrẹ́ jókòó síta, wọn ò lè wọlé mú ìwé wọn. Màmá Oyèbísí ní òun máa gba ọgọ́ta náírà, owó ìdajì alẹ́. Nígbà tí Bàbá jí, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn títí. "Kò sẹ́ni tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ bíi tilé," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Wọn ò mẹ́nu ba walíyì. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti béèrè ọjọ́ yìgì. Mo ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá. Wọ́n wá ní nígbà àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá mi, abiyamọ ni wọ́n lé kúrò ní yàrá nítorí àwọn, ọmọ náà sunkún mọ́jú, ojú sì ń ti àwọn títí di òní. "Màá wá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ẹní nítorí mi, màá padà sílé."

Nítorí náà, jọ̀wọ́, wádìí fún mi bóyá ilé àlejò ìjọ yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń gba Mùsùlùmí, kí Bàbá lè sùn síbẹ̀ nígbà yìgì, àti iye tí wọ́n ń gbà lálẹ́ kan. Tó bá jẹ́ alájà méjì, kó jẹ́ ìsàlẹ̀ o. Bàbá ò lè gun àkàbà mọ́.

Bá mi kí Màmá àti Ọmọ́wálé, ọkọ rẹ. Fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tó ń retí èsì rẹ kíákíá,

Saheedat.