Mo Ti Gba Òtútù Ilé Wa Lọ́wọ́ Fóònù Rẹ

Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Tìrìmísíyù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Mardiyah ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù ilé ẹja dídì tí o ń bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí òtútù tí o fi ń jẹun di òtútù tí yóò jẹ ọ́. Bí o ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ní Itamaga ní Ìkòròdú láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn àánú yóò máa ṣí níwájú rẹ. Èmi wà dáadáa. Inú mi dùn débi pé mo ń sáré kọ̀wé, nítorí náà bí o bá rí i pé ìlà yìí wọ́ díẹ̀, má ṣe rò pé àìsàn ni.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí màmá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ó nídìí. Ọjọ́ tí o wá kan nǹkan pẹlẹbẹ tó ń darí éésì mọ́ ògiri pálọ̀ wa, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé òun àti fóònù rẹ jọ ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru, pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní sọ fún fóònù. Mo rò ó dáadáa, mo sì rí i pé bí mo bá fi fóònù sọ ohun tí mo ṣe fún un, ojú ẹbí rẹ̀ ni mo ti ń rojọ́ rẹ̀ yẹn. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé, mo fún awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Agbowa lọ sí Ìkòròdú. Ìwé kì í bá ògiri sọ̀rọ̀.

Hasanat àbúrò rẹ ti bímọ! Obìnrin ni. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló bí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọmọ náà kéré. Bí mo bá gbé orí rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ìgbọ̀nwọ́ mi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le bí ohùn ẹni tó ń pe ọkọ̀ láti òdìkejì ọ̀sà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ilé ìwòsàn ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n sì wá sọ́dọ̀ mi, bó ṣe yẹ. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kí òtútù mú un, kí ooru má sì pọ̀ jù fún un, pé ara ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń dá iná fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju bí ó ṣe rò lọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń yan ẹja. Ṣàwá ń fẹ́ iná tó ń sáré, àrọ̀ ń fẹ́ iná tó ń rìn, èpìyà kékeré kò fẹ́ ju èéfín èèpo àgbọn lọ. Ẹni tó bá fún gbogbo wọn ní iná kan náà, yóò jó ọ̀kan, yóò sì ba èkejì jẹ́.

Pálọ̀ ni mo tẹ́ ẹní fún wọn sí. Yàrá Hasanat kọjú sí ààrò, o sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń yan ẹja ládùúgbò yìí. Pálọ̀ nìkan ni èéfín kì í wọ̀, nítorí pé ìwọ lo fi gíláàsì tí kì í ṣí dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nígbà tí dókítà sọ pé èéfín ti pọ̀ jù láyà mi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ogún ni o fi sójú nǹkan ara ògiri yẹn, òtútù ibẹ̀ sì dà bíi ti ibi iṣẹ́ rẹ. Ká tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àdí àgbọn tí mo fi ń pa ọmọ lára ti dì nínú àwo, ó funfun bí ọ̀rá àgbò.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á tí o fi tì í. Nígbà tí kò tíì ní àgádágodo lójú, gbogbo ìgbà tí o bá ti yíjú padà ni mo ń pa á. N kò kàn gbà pé oòrùn tó ń mú mi làágùn lóde ni sólà orí òrùlé yóò gbé, tí yóò sọ ọ́ di òtútù nínú ilé, tí kò sì ní gba nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹ̀yìn. Ìwọ náà bá jókòó sí Ìkòròdú, o fi fóònù tì í mọ́ mi lójú.

Má bi mí pé kí ló dé tí n kò pa á látibi iná. A pa á. Kò pé ìdajì wákàtí tí pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí fi di ààrò, ìyá ń làágùn, ọmọ ń ké. A tún tan án, ó padà sí ogún bí ẹni pé a kò bá a wí. Àárín méjèèjì ni a ń wá, ọwọ́ rẹ ni àárín náà sì wà. A pè ọ́ títí. Mardiyah ní o ti wọnú ilé ẹja dídì lọ, pé ẹ̀rọ ńlá kan bàjẹ́, pé ìpè kì í dé ibẹ̀, ó sì lè di ọjọ́ kejì kí o tó jáde. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ó tutù. Mo ní kí Hasanat gbé e mọ́ àyà, mo fi aṣọ mẹ́ta bò wọ́n, mo sì kọjú sí ògiri.

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ dúró fún ọmọ mi níbí, ẹ jọ̀ọ́, àlejò kékeré kan dé, ẹ bá wa rọ òtútù yìí lójú. Ẹ̀yin ni mo ń pè é, torí pé n kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Hasanat bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ, ó ní Màmá, kò gbọ́ Yorùbá. Mo ní báwo ni kò ṣe ní gbọ́ Yorùbá, ṣebí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló rà á? Ṣùgbọ́n kò dáhùn lóòótọ́.

Mo wá ránṣẹ́ sí Yísà tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́. Èrò tèmi ni pé níbi tí àgádágodo bá wà, ihò rẹ̀ kò lè jìnnà. Yísà dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ bí ọgọ́ta lórí wáyà kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wo òkè rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀, ó fi ìka tọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, àgádágodo kankan kò tíì fi ihò rẹ̀ pamọ́ fún òun rí. Ó wá fi àtàǹpàkò kan àwòrán àgádágodo náà, pé òun fẹ́ gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ojú nǹkan náà tàn yòò, àpótí kékeré mẹ́rin tò sójú rẹ̀. Yísà fò sẹ́yìn. Ó ní Màmá, iṣẹ́ tèmi parí, nọ́ńbà ló ń béèrè, èmi kì í gẹ́ nọ́ńbà. Ó kọ̀ láti gba owó. Ó gba èpìyà yíyan méjì.

A fi ọdún tí a bí ọ sí i, ó kọ̀. A fi ọdún ìgbéyàwó rẹ, ó kọ̀. A fi mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà fóònù rẹ, Hasanat bá kà á pé ó ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá dà láàmú lẹ́ẹ̀mẹta yẹ kó sinmi. Mo ṣàlùwàlá, mo kírun aláásárì, mo bẹ Ọlọ́hun pé kí ó má jẹ́ kí ohun tí ọmọ mi ọkùnrin fi tọ́jú mi di ohun tí yóò pa ọmọ ọmọ mi lára.

Mo sálámà láti parí ìrun, mo gbójú sókè, mo ń wo ìta láti inú gíláàsì fèrèsé. Ilẹ̀kùn ààrò ni ojú mi bọ́ sí. O mọ̀ pé pákó ọkọ̀ bàbá yín ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn náà nígbà tí ọkọ̀ náà jẹrà tán, èyí tí ẹgbẹ́ apẹja fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí i, n kì í kà á mọ́. Mẹ́rin, òdo, méje, mẹ́ta. Mo rántí bí o ṣe máa ń dúró létí omi nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń wá nọ́ńbà yẹn láàárín gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀, tí o bá sì rí i wàá pariwo pé Bàbá ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ti pé. Mo dìde, mo fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àgádágodo náà ṣí!

Tìrìmísíyù, mo jókòó sílẹ̀. Hasanat rò pé iná gbé mi. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n gbọ́ àṣìṣe mi, torí pé ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi àṣìṣe pamọ́. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ òtútù ni, òtútù ni yóò máa kà, bí apẹja ṣe ń ka ẹja tó kó, tí kì í ka èyí tó sá lọ. Nítorí náà, kí òtútù lè dín kù, mo dín nọ́ńbà kù sí mẹ́rìndínlógún. Éésì náà hó bí ìjì. Mo dúró díẹ̀, mo ti ṣíbí bọ àwo àdí, ṣíbí kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ooru ni ẹ̀rọ òtútù ń kà! Ẹni tó ṣe é, n kò mọ ohun tó ń rò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń fi igi sí ààrò, mo ń dúró, mo ń wo àwo. Ní méjìlélógún, àdí ṣì le. Ní mẹ́rìnlélógún, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó yọ́, ó mọ́ gaara, mo rí òdòdó ìsàlẹ̀ àwo. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì làágùn. Ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó sùn. Hasanat náà sùn. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mo ń rẹ́rìn-ín sí àwo àdí.

Bí o bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ìwọ tí o jẹ́ ọ̀gá nínú òtútù: nọ́ńbà ń sọ ohun tí ògiri mọ̀, àdí ń sọ ohun tí ara ọmọ mọ̀. Gbé àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sùn, má gbé e sábẹ́ éésì.

Ní àárọ̀ àná ni Hasanat rí ibì kan tí nǹkan náà ti ń béèrè bóyá kí ó ṣì máa gbọ́ràn sí fóònù tó wà lọ́nà jíjìn lẹ́nu. A wo ojú ara wa. A ní rárá. Ìdí nìyẹn tí fóònù rẹ yóò fi máa sọ fún ọ pé òun kò rí ilé wa mọ́. Má sáré, ilé kò jóná, olè kò jà. Èmi ni.

Ọjọ́bọ̀ yìí la ó sọ ọmọ lórúkọ. Hussein ọkọ Hasanat ti ra àgbò, ó ń mú un bọ̀ láti Agbowa. Ìwọ bá wa fi owó ìrẹsì àti ṣúgà ránṣẹ́, kí o fi ti ìgò àdí àgbọn méjì lé e, torí pé èyí tó wà nílẹ̀ ti di irinṣẹ́. Yísà ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àgádágodo tí kò níhò ní Ìkòròdú, pé òun kò tíì dàgbà jù.

Ọlọ́hun yóò dá ọ sí fún wa. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú mi kò ní rọ, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, ojú rẹ yóò sì rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Àmín.

N kò yí nọ́ńbà náà padà o. Báwo ni n óò ṣe yí i padà? Nọ́ńbà bàbá rẹ ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń dúró dè ọ́. Bí òtútù ilé yìí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn mọ́, ìka ara rẹ ni wàá fi tẹ̀ ẹ́, lára ògiri, nínú pálọ̀, lẹ́yìn tí o bá ti gbé ọmọ yìí tán.

Èmi ni màmá rẹ,
Mùsílímátù ẹlẹ́ja yíyan.